Àsàlátù fún Tíìmù Amẹ́ríkà

Tí mo bá sọ pé mo mọ bọ́ọ̀lù, àwọn tó mọ̀ mí ní Láfẹ́nwá kì í bá mi jiyàn. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ń ṣe, mo ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, abẹ́ àtíbàbà mi sì ni gbogbo àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ti ń parí. Awakọ̀ tó bá gbé táyà wá á dá sí i, á gbàgbé pé òun ń kánjú. Kì í ṣe pé mo gbá bọ́ọ̀lù rí o. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi mí sínú tíìmù nílé ìwé, gólì ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́, iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà kò sì ju kí n máa lọ yọ bọ́ọ̀lù jáde nínú àwọ̀n. Ilé ìwé yẹn náà, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, èmi àti ìwé jókòó, a sọ̀rọ̀ bí àgbà, oníkálukú sì bá tiẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà, èmi ni gbogbo ilé fi ṣe ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó dìbò. Ẹ̀gbọ́n mi kàn gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ lo máa ń pariwo bọ́ọ̀lù kiri. Wá sọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe fún mi."

Ohun tí ọmọ náà ń ṣe ò le. Yunifásítì kan níbẹ̀ ló gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, tíìmù kékeré kan nínú ìlú kékeré kan mú un. Kì í ṣe àwọn tíìmù tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n o, dífíṣọ̀n kẹta ni wọ́n wà. Òun àti àwọn mẹ́ta kan ń gbé ilé kan, wọ́n jọ ń lo ìkòkò kan, bọ́ọ̀sì ló sì máa ń gbé wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú tó jìn débi pé wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á tún sùn kí wọ́n tó débẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí pápá wọn lórí fóònù, mo rò pé ó ṣi àwòrán fi ránṣẹ́ ni. Koríko oníke ni. Ìlà bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sá kiri, wà lórí ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlà tiwa, tí èèyàn ò fi mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìjókòó wà, igi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọkùnrin kan mú ajá ẹ̀ wá wòran, ajá náà sì jókòó jẹ́ẹ́ ju àwọn tó ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà mi lọ.

Ṣùgbọ́n tíìmù náà wọ̀ wá lára. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé tíìmù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yan ara wọn lódì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí láràárọ̀ pé, "Báwo ni ti Amẹ́ríkà wa?" Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Alábàtà tiẹ̀ ya àmì tíìmù náà sẹ́yìn mọ́tò ẹ̀. Ẹyẹ ni wọ́n yà sínú àmì náà. Tiẹ̀ jọ adìyẹ tí òjò pa, ṣùgbọ́n a yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ike ní ọjà Láfẹ́nwá. Ìyá wa tà á, ìyá tó bí ìyá wa náà tà á, àfi pé igbá ni tiwọn kí ike tó dé. Òun náà ni olórí àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, pálọ̀ wa ni wọ́n máa ń pé sí, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á tọrọ fún aboyún, fún aláìsàn, fún ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà ò sì tíì fojú kàn án láti ìgbà tó ti lọ. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á máa fi ọwọ́ pa ojú fóònù náà bí ẹni ń nu eruku kúrò lójú ọmọdé.

Ó ku bọ́ọ̀lù kan kí líìgì ọdún yẹn parí nígbà tí ọmọ náà pè, tó ní kí n pe ìyá òun jókòó. Ó ní kọ́ńtíráàkì òun ti ń tán. Ọrùn ẹsẹ̀ ti dà á láàmú, bẹ́ńṣì ló ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kóòṣì ti sọ pé òun á lò ó nínú bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn yìí. Tí wọ́n bá gbá a tán, kóòṣì á pe àwọn tí kọ́ńtíráàkì wọn ti tán lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ. Tí wọ́n bá mú òun dúró, ìwé ìgbélùú òun á pé, òun á lè wálé lóṣù Disẹ́ńbà, òun á sì lè padà. Tí wọn ò bá mú òun, kò sí wíwálé. Ìlú dé ìlú lòun á máa wá tíìmù kiri, títí tí ìwé á fi tán pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù kalẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí la máa ṣe?"

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ rèé. Mo wo tábìlì líìgì wọn lórí fóònù, mo rí i pé tíìmù wa ló ṣe ìkejì láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wa ni bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù tọ́ dàgbà, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tíìmù tó bá wà nísàlẹ̀: wọ́n á já lọ sí dífíṣọ̀n tó kéré sí i, wọ́n á sì kó gbogbo èèyàn dànù. Mo tún ọ̀fun ṣe, mo ní, "Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan kọ́ o. Tíìmù yẹn ló fẹ́ já. Tó bá já, kóòṣì gan-an á máa wá iṣẹ́."

Nígbà tí mo gbé e dé abẹ́ àtíbàbà, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọ̀kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára táyà. A ṣe é títí, a rí i pé tí wọ́n bá ta ọ̀mì, pọ́íǹtì kan yẹn á gbé wọn kúrò lẹ́nu ewu. Mo gbé ìròyìn ayọ̀ náà lọ sílé bí ẹni tó lọ sí ilé ẹjọ́ tó sì jàre.

Ní Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún àsàlátù. Kò fi ṣeré rárá. Ó ní tíìmù kan wà ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ já, ọmọ òun ló wà nínú ẹ̀, ọ̀mì lòun ń bẹ Ọlọ́run, òun ò bẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin náà gbà á. Wọ́n tọrọ fún kóòṣì. Wọ́n tọrọ fún gólíkípà pé kí ọwọ́ ẹ̀ má yọ̀. Ìyá arúgbó kan bi mí bóyá Mùsùlùmí wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ wa. Mo ní ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan wà. Ó ní, "Ó tó." Wọ́n gba ààwẹ̀ Àlàmísì lé e. Èmi náà gbà á, mo sì lẹ táyà mẹ́rin lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, nítorí ìlú tí mi ò lè tọ́ka sí lórí máàpù.

Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí Sátidé. Ọ̀sán ni níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. A kírun Mọ̀gáríbì tán, pálọ̀ sì kún dé ẹnu ọ̀nà. A ti so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Màmá Tíṣà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa náà wá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá yìí, ọmọ Ìbarà, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè é nítorí gẹ̀ẹ́sì. Kò dùn mọ́ mi nínú, torí mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo máa túmọ̀ ohun tí ọkùnrin tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù náà bá sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń gba imú sọ̀rọ̀, ó ń yára bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó. Mo gbọ́ "gúùdù", mo tún gbọ́ "bọ́ọ̀lù".

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní bọ́ọ̀lù náà dára."

Màmá Tíṣà ní, "Ó ní atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀, ẹ ṣeun."

Báyìí la ṣe pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa. Màmá Tíṣà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi mọ ohun tó túmọ̀ sí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn obìnrin náà á kọ́kọ́ wo ẹnu màmá, wọ́n á wá wo tèmi.

Nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà sójú ọmọ wa, ariwo tó sọ ní pálọ̀ yẹn, mo rò pé wọ́n á gbọ́ ọ dé ibùdókọ̀. Ó ti ga sí i. Ó ti dá irùngbọ̀n sí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, a ò sì rí nǹkan kan mọ́ àfi ẹ̀yìn ìborùn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kó jókòó. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ rántí wa, ó padà sórí ẹní.

Apá òsì ni ọmọ náà wà. Ó ń sáré, kò sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá gbá kọ́nà kan wá, ẹnì kan fi orí kàn án, ó di gólì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà ẹ̀, ìka ẹ̀ ń yára ju ẹsẹ̀ àwọn tó wà lórí pápá lọ. Bí wọ́n ṣe wọlé lọ sinmi, mo ṣàlàyé pé gólì kan péré la nílò. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo máa lọ gbá a.

Wọ́n padà dé. Kò pẹ́ tí ọmọ wa gba bọ́ọ̀lù, ó yọ ẹnì kan, ó yọ ìkejì, ìkẹta sì fi ẹsẹ̀ dá a nítòsí ilé wọn. Wọ́n fún wa ní fíríkíìkì. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà yẹn ló gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá orí gbogbo wọn, ó tẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ ẹni tó di mọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tí mo di mọ́. Nígbà tí ojú mi walẹ̀, Màmá Tíṣà ló wà lọ́wọ́ mi, ó ń bẹ̀ mí kí n gbé òun kalẹ̀. Ìyá arúgbó yẹn ní, "Ṣé mo sọ pé ó tó."

Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ọ̀mì tí a tọrọ gan-an ló wà lójú wa yìí. Ó ku kí wọ́n dì í mú.

Ohun tó wá bí wa nínú nìyí: ọmọ náà ò dì í mú. Ó ti rẹ gbogbo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ di orúnkún, ṣùgbọ́n òun, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá ti kàn án, iwájú ló ń gbé e lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kó padà sẹ́yìn. Mo kọ́ gbogbo pálọ̀ ní ohun tó yẹ kó ṣe: kó ṣubú, kó di ẹsẹ̀ mú, kó máa yí gbiri, kí rẹfirí wá bẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin náà gba ẹ̀kọ́ náà kíákíá.

"Ṣubú, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí fún tẹlifíṣọ̀n. "Jọ̀ọ́, ṣubú."

Kò ṣubú. Ó tún gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré dé ìdí gólì wọn, wọ́n já a gbà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó wà nílé, wọ́n gbá a wọlé. Méjì sí ọ̀kan. Rẹfirí fọn fèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ní, "A ti já."

Ó ní, "Alihamudulilahi." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní tó jókòó lé, ó ká a, ó tún tú u, ó tún ká a. Àwọn obìnrin náà ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe. Kò sẹ́ni tó bú ọmọ náà lójú ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ẹnì kejì pé ta ló ní kó máa sáré.

Màmá Tíṣà nìkan ló ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò jọ ẹni tó já o. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá àwọn ọmọdé ya fọ́tò."

Mo ní, "Màmá, òyìnbó ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn."

A dúró. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. A mọ̀ pé kóòṣì á máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù ẹ̀ sórí itan, ó ń wò ó. Nígbà tó dún, ó nà án sí mi. Mo gbé e, ojú ọmọ náà yọ, òógùn ṣì wà lórí ẹ̀, ó ń pariwo.

"Àǹkù, wọ́n mú mi! Wọ́n mú mi dúró. Màámi dà?"

Mo ní, "Wọ́n mú ẹ lọ síbo? Ṣé kì í ṣe pé tíìmù ti já?"

Ó ní, "Já sí ibo?"

Mo ṣàlàyé tábìlì fún un. Mo ṣàlàyé pọ́íǹtì. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹkù, tíìmù kì í já níbí. Kò sírú ẹ̀ ní líìgì wa. Tíìmù tó bá gbẹ̀yìn lọ́dún yìí, dífíṣọ̀n kan náà ló máa gbá lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹ̀rín náà wá kúrò lójú ẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èèyàn ló ń já. Wọ́n ní kí gólíkípà wa máa lọ. Wọ́n ní kí ẹni tí a jọ ń sun yàrá kan máa lọ. Ó wà nínú ilé ìwẹ̀ báyìí, kò fẹ́ kí á rí ojú òun."

Ìyá arúgbó náà tọrọ ní kúkúrú fún àwọn méjèèjì, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Wọ́n ní kí o dúró?"

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi."

"Disẹ́ńbà ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀, Màámi. Mò ń bọ̀ wálé."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n kọrin. Mo mọ̀ pé ẹnì kan tẹ okùn jẹnẹrétọ̀, iná lọ, wọn ò sì dá orin dúró. Nígbà tí a tan iná padà, obìnrin kan yíjú sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣàlàyé ibi tí ààwẹ̀ Àlàmísì táwọn gbà nítorí kí tíìmù má já wọlé sí. Òmíràn dá a lóhùn pé ó kúkú gbà, ṣé tíìmù já ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí tí mo fi bá wọn rẹ́rìn-ín ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ kí kóòṣì. Ọmọ náà ní ọwọ́ ọkùnrin náà dí. Ìyá ẹ̀ ní ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dí lèèyàn ń kí. Ọmọ náà ní òun á bá wọn túmọ̀ ẹ̀, ìyá ẹ̀ ní rárá o, ọmọ kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ tí àgbà bá fẹ́ sọ nípa ẹ̀. Bó ṣe di pé kóòṣì, òyìnbó kan tó pá lórí, yọjú sínú fóònù nìyẹn, tí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí ẹní, tí gbogbo àsàlátù sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó jọ pé kò rí irú ẹ̀ rí.

Èmi ni mo túmọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ó ní ọmọ yín ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n sọ fún un pé tí ọmọ bá ṣorí kunkun, kó nà án dáadáa, òun ò ní bi í. Ohun tí gbogbo ìyá ń sọ fún ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́ nìyẹn, mo sì túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kóòṣì wo ọmọ, ó wò wá. Màmá Tíṣà sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi gẹ̀ẹ́sì tó gún régé tún un sọ, ojú ọkùnrin náà sì walẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó gùn díẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe bí ẹni ń sáré. Ìyanu ló jẹ́ pé èyí yé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ọmọ yín ń gbìyànjú."

Màmá Tíṣà ní, "Sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Kóòṣì ní òun ò tíì mọ ohun tóun máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà títí bọ́ọ̀lù fi fẹ́ tán. Ó ní nígbà tí ó ti rẹ gbogbo wọn, tí ẹni tó gbọ́n á ti dúró sẹ́yìn, òun rí i tó ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mú un.

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọlọ́run ló ṣe é tí kò fi gbọ́ ohùn ẹ." Ó dìde nílẹ̀, ó gbọn ìró ẹ̀, ó bi ọmọ náà irú ọbẹ̀ tó fẹ́ kóun kọ́kọ́ sè, ó sì pín iṣẹ́ fún àwọn obìnrin lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé ọ̀la ni Disẹ́ńbà: ẹni tó máa fọ kọ́tìnì, ẹni tó máa bá òun wá ọ̀dà sí ògiri. Ó wá yíjú sí mi, ó ní yàrá ọmọ náà tí mo ń kó táyà sí, kí n lọ kó wọn kúrò níbẹ̀. Mo ní ṣé kò lè di àárọ̀ ni. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn. Mo lọ ṣílẹ̀kùn, mo yí táyà àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e gba àárín pálọ̀ kọjá, àwọn obìnrin náà sì ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún mi lórí ẹní, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.